Ṣé òótọ́ ni pé fífi fóònù sí chájì mọ́jú ń ba bátìrì jẹ́?

Ìyá Ìbejì Ojúẹlẹ́gba:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i. Mo ra fóònù tuntun, tuntun kọ́ náà ṣá, èyí tí wọ́n ti lò ní Lọ́ńdọ̀n, ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n fi sí chájì fún wákàtí mẹ́jọ kí n tó tàn án, pé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì ẹ̀ ò ní pẹ́. Mo délé, Daddy Ìbejì ní rárá o, kí n kọ́kọ́ lò ó títí á fi kú pátápátá. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan, pé chájì mọ́jú gan-an ló ń pa bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ládùúgbò wa, òru ni wọ́n sábà máa ń mú iná wá, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ wọ́n ti mú un lọ, tí mi ò bá chájì lóru ìgbà wo ni kí n wá chájì? Ṣé kí n máa jí láago mẹ́ta òru wá yọ fóònù lára iná ni?

Ìbéèrè kejì rèé: páwà báǹkì mi, 20,000 mAh (iye iná tó lè gbà) ni wọ́n kọ sí i lára, bátìrì fóònù mi 5,000. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kó kún un, àbí? Kò kọjá ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ rí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Fẹ́mi Onífóònù:
Mummy, ẹ kú ilé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ lẹ wá béèrè yìí. Ọmọkùnrin yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún yín o, ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un lòun náà ń sọ, ọ̀gá yẹn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tiẹ̀. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, tí Nokia 3310 wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ Èkó tó rí jájẹ, bátìrì nickel ló kọ́kọ́ bá fóònù yẹn wá. Irú bátìrì yẹn ló ń fẹ́ kéèyàn chájì ẹ̀ pẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nickel-cadmium wá burú jù ú lọ, tó o bá ń chájì ẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tó ṣì ku ìdajì, tó bá yá ìdajì yẹn náà ni yóò máa bá ẹ ṣiṣẹ́ dé. Ibẹ̀ ni "jẹ́ kó kú pátápátá" tí Daddy ń sọ ti wá, ó sì bọ́gbọ́n mu láyé ìgbà yẹn.

Fóònù ìsinsìnyí, lithium ni. Sony ló kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ní 1991, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, Goodenough, Whittingham àti Yoshino, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba Nobel ní 2019. Bàbá Goodenough ti pé ẹni ọdún 97 lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dàgbà tó o tó gba Nobel rí (wọ́n tiẹ̀ fẹ́ jẹ́ kí bàbá náà lọ kí wọ́n tó fún un). Lithium ò nílò wákàtí mẹ́jọ kankan. Ẹ tàn án, kẹ́ ẹ máa lò ó lọ.

Ti chájì mọ́jú wàyí. Tí fóònù bá ti kún, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń dá iná dúró, kì í ṣe pé iná á máa rọ́ wọ bátìrì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó ń pa bátìrì ni ooru, pàápàá kó kún dé ọgọ́rùn-ún pásẹ́ǹtì kó tún wá gbóná lé e. Ó dà bí ẹni tó jẹ iyán yó tán tí wọ́n ní kó lọ dúró sínú oòrùn. Èyí tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá mi, ẹ bi wọ́n léèrè, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń sùn, nínú kéèsì rọ́bà tó nípọn, nínú yàrá tí fáànù ò yí. Ẹ yọ kéèsì kúrò, ẹ gbé e sórí táìlì tàbí tábìlì, kẹ́ ẹ máa sùn ní tiyín. Ẹ tún wọ settings, ibi battery, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní kó dúró ní 80 pásẹ́ǹtì, ẹ tàn án. Fóònù tó pọ̀ ló ti ní i báyìí.

Ohun tó yẹ kí n kìlọ̀ fún yín lé lórí gan-an ni ti Lọ́ńdọ̀n yẹn. Bátìrì tẹ́lòmíì ti lò lẹ rà. Apple fúnra wọn sọ pé iPhone tó ṣáájú 15, tó bá ti kún tó sì tán ní ìgbà 500, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ ló yẹ kó kù, láti orí 15 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìgbà 1000. Tẹ́ ẹ bá lo ìdajì lónìí, tẹ́ ẹ lo ìdajì lọ́la, ẹyọ kan ni wọ́n ń ka ìyẹn sí o. Tó bá jẹ́ iPhone ni, ẹ wo battery health ẹ̀, ìyẹn ìdá tó kù nínú agbára bátìrì. Tó bá kọ 100 sí fóònù tó ti pé ọdún mẹ́rin, ẹnì kan ti pààrọ̀ bátìrì yẹn tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ tún nọ́ńbà yẹn ṣe, àwa tá a wà níbẹ̀ mọ̀ pé méjèèjì ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Fẹ́mi, gbogbo gírámà yìí dáa, ṣùgbọ́n o fo èyí tó ń pa fóònù l'Ékòó gan-an. Chájà. Ní Ìdúmọ̀tà níbí, chájà tí wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ata rodo, ó fúyẹ́ bíi bébà, tó o bá mì ín wàá gbọ́ nǹkan tó ń dún nínú ẹ̀, wọ́n á kọ 65W sí i lára láìtijú. Wá fi í sí iná jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, I-pass-my-neighbour, tí iná ẹ̀ ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, tí bọ́ọ̀bù ń ṣẹ́jú. Fóònù wo ló fẹ́ la ìyẹn já? Oòrùn Third Mainland ńkọ́, tí fóònù wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí map ń ṣiṣẹ́ tó tún wà lórí chájì? Àwọn Uber yẹn ló yẹ kí wọ́n wá jẹ́rìí síbí.

Bátìrì fóònù mi kan wú mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tètè mọ̀, mo kàn rí i pé tí mo bá gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì ó ń yí, kò dúró gbọnin mọ́. Ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lápá kan, èèyàn lè ki èékánná bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní ká fi abẹ́rẹ́ gún un kí gáàsì inú ẹ̀ lè jáde. Ẹ gbà mí! Mo ní sà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ṣì ń retí mi nílé.

Fẹ́mi Onífóònù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jàre níbi chájà. Ti abẹ́rẹ́ yẹn, kẹ́nikẹ́ni má dán an wò o! Tí ohun mímú bá wọ inú lithium, iná ló ń sọ, ẹ má sì chájì èyí tó bá ti wú mọ́ rárá. Ṣebí ẹ rántí Galaxy Note 7 ní 2016 tí bátìrì ẹ̀ ń gbiná, Samsung kó gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jà, bàálù ò gbà kéèyàn gbé e wọlé. Iléeṣẹ́ ńlá nìyẹn o, ká má tíì sọ ti ẹni tó ń lẹ bátìrì nílé.

Ṣadé Akọ́kà:
Ẹ jẹ́ n gba ti páwà báǹkì, fíísíìsì ni mò ń kà. Mummy, wọn ò rẹ́ yín jẹ o, ìṣirò yẹn ni kò pé. 20,000 tí wọ́n kọ yẹn, ní 3.7 volt ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni agbára bátìrì inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára iná), 74 ni. Ẹnu USB, 5 volt ló ń gbé jáde, tẹ́ ẹ bá pín 74 sí 5, 14.8 ni, ìyẹn 14,800 mAh. Apá kan á tún di ooru lójú ọ̀nà (ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ ẹ́ rí i), fóònù náà á tún jẹ tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ojúlówó ni. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún ni èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí tí ò wúwo ju ọṣẹ lọ. Wh yẹn náà ni wọ́n ń wò ní pápákọ̀ òfurufú, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà fàyè gbà, ọwọ́ lẹ ó sì gbé e sí, kì í ṣe inú báàgì tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù.

Ẹ tún jẹ́ n fi èyí kún un, torí ó ń bí mi nínú. Fóònù 5,000, bíi 19 Wh ni gbogbo agbára inú ẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé ó jẹ 25 nídìí iná torí òfò, yúníìtì NEPA kan (1,000 Wh) á kún un ní ìgbà ogójì. Láti 2024 tí wọ́n ti sọ owó Band A (àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù) di ohun tó lé ní igba náírà fún yúníìtì kan, náírà márùn-ún, mẹ́fà, ni chájì ẹ̀ẹ̀kan ń jẹ. Lándíléédì wa ń bá ayálégbé jà lórí chájà fóònù, fíríìsà tiwọn sì ń han-run lẹ́yìn wọn níbẹ̀!

Bọ̀ọ̀dá Wálé Agége:
Ṣadé, náírà márùn-ún kẹ̀? Ẹni tó ń chájì fóònù fún wa ní jọ́ńkíṣọ̀n, igba náírà ló ń gbà, tó o bá sì pẹ́ kó o tó wá gbé e, á tún máa fajú ro. Màá mú ìṣirò yìí lọ bá a.

Ṣadé Akọ́kà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ o. Epo jẹ́nẹ́rétọ̀ lòun ń rà, kì í ṣe iná NEPA, ẹ sì mọ iye tí lítà kan ti dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023.

Ìyá Ìbejì Ojúẹlẹ́gba:
Ẹ ṣeun gan-an o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí Daddy létí. Wọ́n ní kí n béèrè pé kí ló wá burú nínú kó kú pátápátá. Mo sì wo battery health ẹ̀, 79 ni. Ṣé kí n dá a padà ni àbí kí n pààrọ̀ bátìrì?

Fẹ́mi Onífóònù:
Ẹ kí Daddy fún mi. Tó bá kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sóhun tó máa ṣe, kó máa kú lójoojúmọ́ ni ò dáa, kó wá kú kẹ́ ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mélòó kan ló burú jù, òmíràn kì í jí mọ́.

79 yẹn, ó kéré tán kò parọ́ fún yín. Tí nǹkan yòókù bá dáa lára ẹ̀, ẹ má dá a padà, ẹ ní kó yọ owó bátìrì kúrò nínú owó tẹ́ ẹ san. Níbi tí wọ́n bá ti máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má lọ jẹun kẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ti tẹ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa fà jáde díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ki sikúrúdíráfà bọ abẹ́ bátìrì tó ń hú u bí iṣu, ẹ gba fóònù yín.