Kí ló dé tí omi gbígbóná fi ń da ohun funfun sí ìdí kẹ́tùlù?

Ìyá Àkọ́bí, Sókótó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ń kọ́ nípa ìyòrò nínú kẹ́mísírì. Ìwé rẹ̀ sọ pé bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ̀pọ̀ nǹkan líle ṣe ń yòrò nínú rẹ̀ sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti po ṣúgà sínú tíì rí yóò gbà láìjiyàn. Ṣùgbọ́n omi bọ́ọ̀hóòlù tó mọ́ gaara ni mo máa ń bù sínú kẹ́tùlù, bó bá sì ti hó, á rú, ohun funfun kan á lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù, tí kàǹìnkàǹìn kò ní lè ha á kúrò. Ọmọ náà bi mí pé ṣé ìwé ló parọ́ ni àbí omi, n kò sì rí èsì fún un.

Ará Nyanya:
Lójú tèmi, omi ló ń gbẹ. Bí a bá gbé omi iyọ̀ kaná títí ó fi gbẹ, ṣebí iyọ̀ ló máa kù.

Olùkọ́ Gwagwalada:
Òótọ́ ni pé iyọ̀ máa ń kù, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá wa ní omi náà ti rú bó ṣe hó, nígbà tí kò tíì dín kù rárá. 100 gíráàmù omi máa ń gba iyọ̀ tó bíi 36 gíráàmù kó tó ní òun kò gbà mọ́, nítorí náà kì í ṣe iyọ̀ ló ń sá jáde nínú kẹ́tùlù tó kún.

Ohun tó wà nínú omi yín kó tó hó kọ́ ni ohun tó wà ní ìdí kẹ́tùlù. Omi òjò máa ń gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀, bó bá sì wá ń gba àárín òkúta irú èyí tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Kalambaina, níbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, á sọ ọ́ di calcium hydrogencarbonate, tó ń yòrò dáadáa. Iná ló wá ń tú u ká: Ca(HCO₃)₂ → CaCO₃ + H₂O + CO₂. Gáàsì á bá ooru lọ, calcium carbonate á kù, ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin, èyí tí odidi lítà omi kan kò lè gbà ju mílígíráàmù bíi 14 lọ. Ìwé kò parọ́. Ìtúká ni kí ọmọ kọ sílẹ̀. Kí ó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìdí kẹ́tùlù náà kí ó wò ó.

Oníkán-ún, Kano:
Ẹ jẹ́ kí n fi kán-ún, tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa, kún un, torí sodium carbonate wà nínú rẹ̀. Ẹ pò ó sínú omi òjò, kí ẹ jẹ́ kí iyanrìn rẹ̀ silẹ̀, kí ẹ tó bu omi orí rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ti iyanrìn yìí nítorí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èso ìyípadà kẹ́míkà! Ẹ wá kán omi náà sínú omi bọ́ọ̀hóòlù tí ẹ kò tíì sè: á funfun bí omi orí ògì. Calcium carbonate náà ni, àmọ́ kì í ṣe ìtúká mọ́. Calcium àti sodium ló pààrọ̀ ẹnìkejì wọn.

Ìyá Àkọ́bí, Sókótó:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí omi ọsàn ṣe kan ìdí kẹ́tùlù báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ọsàn márùn-ún ló jẹ kó tó mọ́. Ti kán-ún ku ọ̀la, nítorí omi òjò ṣì ṣọ̀wọ́n níbí.