Ilé ńlá tó jóná ní Great Witley: ṣé ó yẹ kí n mú màmá mi lọ wò ó?

Àdùkẹ́ (Birmingham):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Màmá mi, ẹni ọdún 71, ti Abẹ́òkúta wá kí mi, mo sì fẹ́ mú wọn lọ wo Witley Court ní abúlé Great Witley, ní agbègbè Worcestershire. Nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n bi mí pé kí ni èèyàn ń sanwó wò nínú ilé tí kò lórùlé. N kò rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí, ṣé ẹsẹ̀ àgbàlagbà sì lè gbà á?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ mú wọn lọ. Ìdílé Foley, tó fi iṣẹ́ irin là, ló ni ilé náà kí wọ́n tó tà á ní 1837, ní pọ́n-ùn 890,000, fún William Ward tó padà jẹ oyè Earl of Dudley, ẹni tí èédú àti irin sọ di olówó rẹpẹtẹ. Ní òru ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1937, iná sọ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ní abẹ́ ilé. Sir Herbert Smith, oníléeṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ará Kidderminster tó ni ín nígbà náà, kò tún un kọ́. Àwa a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n èyí kò rí alátùn-únkọ́: láti 1954 ni àwọn tí ń ra irin àti òjé àlòkù ti tú èyí tí iná ṣẹ́kù, títí ìjọba fi gba ìtọ́jú rẹ̀ ní 1972.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ibi ìdáná kan tó wà lára ògiri lókè, ní àjà kejì, láìsí ilẹ̀ kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ẹyẹlé ló bà síbi tí èèyàn ti máa ń yáná.

Ìyá Ṣọlá (Worcester):
Ẹ má ṣe gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì tó fara ti ilé náà, tí iná kò kàn. Nígbà tí wọ́n ń wó ààfin Duke of Chandos nítòsí London ní 1747, Lord Foley ra àwọn àwòrán àjà tí Antonio Bellucci yà àti fèrèsé gíláàsì mẹ́wàá tí Joshua Price ṣe, ó sì kó wọn wá síbẹ̀. Ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lára àjà náà, tí ẹ ó rò pé ẹfun ni wọ́n fi ṣe, ìwé tí wọ́n pò ni. Ní ti ẹsẹ̀ màmá, ẹ rọra rìn, kí ẹ sì jókòó ti ère Perseus, akọni inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, tó ń tú omi níwájú ilé, títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi tan omi rẹ̀. Nígbà ayé Earl, omi náà máa ń tú sókè tó ẹsẹ̀ bàtà 120.

Akínwùmí:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún màmá pé ìdílé Ward ní oko ìrèké ní Jàmáíkà, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí ìfiniṣẹrú, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san owó fún. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀. Mo dúró láàárín àwọn òpó ńláńlá wọ̀nyẹn fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ lóko yẹn ni mo ń rò, torí orúkọ wọn kò sí lára ògiri kankan níbẹ̀.

Àdùkẹ́ (Birmingham):
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Jàmáíkà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wádìí ọjọ́ tí ìsìn máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, pé ọjọ́ yẹn ni a ó lọ, kí àwọn lè gbàdúrà fún àwọn tí oko náà gbé mì.