Báwo ni mo ṣe lè rí ọ̀rọ̀ tó yí padà nìkan nínú git diff (àṣẹ tó ń fi ìyàtọ̀ àárín ẹ̀dà fáìlì méjì hàn)?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta níbí ni mo wà, mò ń bá wọn yẹ àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim (ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà) wò. Ẹnì kan tún ìpínrọ̀ gígùn kan kọ nínú runtime/doc, àpò tí ìwé náà wà, ó sì tún gbogbo ìlà tò kó má baà kọjá lẹ́tà 78. Pupa (ìlà tí wọ́n yọ) àti àwọ̀ ewé (ìlà tí wọ́n fi kún un) wá gba ojú kọ̀ǹpútà kan. Mo lo git diff -w, àlàfo nìkan ló fò. Mo ṣí méjèèjì síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ń ta mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí *tag* kan (àmì tó ń tọ́ka sí ibì kan nínú ìwé náà) má lọ sọnù, kí :help, àṣẹ tí Vim fi ń ṣí ìrànlọ́wọ́, má sì rí ibẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ wo ló máa fi ọ̀rọ̀ tó yí padà gan-an hàn, láìka ibi tí ìlà ti já sí?