Ọjọ́ wo ni kí n kọ sílẹ̀ pé maple yìí tanná?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Igi kan wà tí mò ń ṣọ́ láti ọdún tó kọjá: maple pupa, ìyẹn Acer rubrum, irú èyí tó kún apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Òtútù kì í tíì lọ tán tó fi ń tanná, kí ewé kankan tó yọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó lókèèrè, ṣe ló dà bíi pé wọ́n bu osùn wọ́n ọn lórí.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí mo rí pupa yẹn ni mo kọ sílẹ̀. Àṣé ìrudi lásán ni, wọn ò tíì là! Lọ́dún yìí mo fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó. Ọrùn ló kàn dùn mí. Mo wá fa ẹ̀ka kan tó rẹlẹ̀ wálẹ̀: òdòdó ibẹ̀ na okùn tín-ín-rín síta bí irun, ìyẹ̀ rẹ̀ sì kù sí mi níka. Akọ nìyẹn. Àmọ́ ti ẹ̀ka òdìkejì, ahọ́n pupa méjì-méjì ló yọ, kò ní ìyẹ̀ rárá, abo ni. Mo ti mọ̀ pé igi kan lè ní méjèèjì, ṣùgbọ́n akọ ti fi ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú abo.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: èwo ni kí n kà sí ọjọ́ tí igi yìí kọ́kọ́ tanná, ọjọ́ tí akọ là, àbí kí n dúró de abo?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.