Ánóòdù Tí Omi Kò Jẹ: Ìrírí Wa Lórí Pípààrọ̀ Rẹ̀ Lára Ọkọ̀ Ojú Omi

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín ṣáájú mi. Ohun tí púpọ̀ nínú yín ń sọ ni pé ánóòdù yín, ègé irin tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí omi lè máa jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì, tètè ń tán. Tiwa yàtọ̀, nítorí pé èyí tí ó wà lára ọkọ̀ wa kò tán rárá, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Ọkọ̀ fàájì onífáíbà, tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wà lẹ́yìn rẹ̀, ni èmi àti àbúrò mi jọ rà lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń lò ó lórí ọ̀sà Èkó. Láti ìgbà tí ó ti dé Ìbàdàn, inú ọgbà wa ní Àkóbọ̀ ni ó ń gbé, adágún Aṣéjìre lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ni a sì sábà máa ń gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbé e dé Ẹ̀pẹ́ nígbà ọdún. Ìgbà tí a fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ni mo tó fara balẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Ánóòdù tí ó wà lókè pùròpẹ́là, tí wọ́n fi irin tí à ń pè ní síǹkì ṣe, ṣì tóbi bí ẹni pé àná ni wọ́n dè é. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ṣì ṣeé kà lábẹ́ èèpá funfun kan tí ó le gbagidi, tí ọ̀bẹ kò tètè ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ara ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti wú káàkiri. Mo fi èékánná tẹ ibì kan, ó fọ́, lẹ́búlẹ́bú funfun dà jáde, ihò tí orí ìṣáná lè wọ̀ sì wà nídìí rẹ̀ nínú alumíníọ̀mù.

Mẹkáníìkì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ dunjú, ní, "Ẹ̀gbọ́n, síǹkì yín ò tíì jẹ, ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀, ẹ má náwó dànù." N kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ánóòdù ni kí ó bàjẹ́. Nígbà tí irin oríṣiríṣi bá fara kan ara wọn, tí wọ́n sì jọ wà nínú omi kan náà, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń gba àárín wọn kọjá, èyí tí ó rọrùn jù láti jẹ nínú wọn ni omi yóò sì máa jẹ. Irin tí kì í dípẹtà ni pùròpẹ́là wa, alumíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ánóòdù kò bá ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ yìí ni omi yóò dojú kọ.

Síǹkì dára nínú omi òkun. Nínú omi odò tí kò níyọ̀, iná kì í rí ọ̀nà kọjá dáadáa, èèpá yẹn sì máa ń bo síǹkì títí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Magnísíọ̀mù, irú irin mìíràn, ni wọ́n ń lò fún omi odò pọ́ńbélé, nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀: bí a bá wọ̀n wọ́n nínú omi òkun pẹ̀lú ohun ìwọ̀n onífàdákà, síǹkì máa ń wà ní nǹkan bíi fólíìtì 1.03 sísàlẹ̀ òdo, magnísíọ̀mù a sì tó nǹkan bíi 1.5; bí ó bá ṣe jìn sísàlẹ̀ òdo tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ánóòdù alumíníọ̀mù wà ní nǹkan bíi 1.1, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú omi òkun, omi ọ̀sà àti, dé ìwọ̀n kan, omi odò. Òun ni a mú, nítorí omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Omi ọ̀sà kì í dúró lójú kan: iyọ̀ òkun máa ń wọ ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò a sì lé e padà nígbà òjò. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣéjìre gan-an, inú ọ̀sà Lẹ́kí ni ó ń ṣàn lọ.

Rírà á ni iṣẹ́. Mo wá a dé Àràròmí ní Gate, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Oníṣẹ́ kan tí ó ń yọ́ alumíníọ̀mù rọ ìkòkò ní kí n gbé èyí àtijọ́ wá, òun yóò rọ irú rẹ̀ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ dá mi lójú. Ohun tí ó ń yọ́ ni kò dá mi lójú. Alumíníọ̀mù lásán máa ń fi awọ tínínrín bo ara rẹ̀ tí omi kò fi ní lè jẹ ẹ́, èyí tí ó dára fún ìkòkò ọbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò wúlò fún ánóòdù. Àwọn tí ń ṣe ánóòdù máa ń po síǹkì bíi ìdá 5 nínú 100 mọ́ ọn, àti irin mìíràn tí à ń pè ní ìndíọ̀mù, tí kò tó nǹkan, kí awọ yẹn má baà lè dúró. Èkó ni a ti rí ojúlówó rà níkẹyìn.

Títú èyí àtijọ́ ni ó gba àsìkò jù. Bọ́ọ̀tì irin tí kì í dípẹtà, bí ó bá ti pẹ́ nínú alumíníọ̀mù, máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí ó bá sì fi agbára yí i yóò kán an sínú ẹ́ńjìnnì. A fọ́n òróró tí ń tú irin sí i, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àbúrò mi sì ń fi òòlù kékeré kàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a tó yọ èyí tí ó wà lókè pùròpẹ́là, tí ó rí bíi lẹbẹ ẹja, a fi ìlà sàmì sí ibi tí ó kọjú sí, nítorí pé òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ìtukọ̀ fà sí apá kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Lẹ́yìn náà ni a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ibi tí tuntun yóò jókòó sí títí tí alumíníọ̀mù fi ń dán, torí irin gbọ́dọ̀ fara kan irin; ẹsẹ̀ bọ́ọ̀tì nìkan ni a fi gírísì sí. Mo fi mítà dán an wò, ẹnu kan lára ánóòdù, ẹnu kejì lára ẹ́ńjìnnì níbi tí kò sí ọ̀dà, nọ́ńbà rẹ̀ sì súnmọ́ òdo. Àwọn kéékèèké tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́bàá ọ̀nà omi tí ń tù ú, a pààrọ̀ wọn náà.

Nígbà tí òjò fi máa dá, ara tuntun náà ti rí ṣákaṣàka, etí rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́, mẹkáníìkì wa sì ń káàánú owó wa. Ọ̀dà ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò wú mọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú làálàá. Ọkọ̀ ọ̀gá mi ni mo ń bá wọn tọ́jú. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ẹnì kan tí ń kun mọ́tò, ó kun ún dán, ó sì kun ánóòdù mọ́ ọn. Ánóòdù tí ọ̀dà bò kò rí omi. Sándípépà ni mo fi họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ra magnísíọ̀mù, ó sì bá Aṣéjìre mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọkọ̀ lọ sí Èkó fún ìsinmi, tí a fi í sílẹ̀ nínú omi iyọ̀, ó kù díẹ̀ kí magnísíọ̀mù náà tán, ọ̀dà tí ó yí i ká sì ti ń ṣí. Ààbò tí ó pọ̀ jù ní wàhálà tirẹ̀. Ní 1824, Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí wọ́n so síǹkì tàbí irin mọ́ bàbà tí wọ́n fi bo ìdí ọkọ̀ ogun ojú omi wọn. Bàbà náà kò jẹ mọ́, àmọ́ nítorí pé kò jẹ, koríko àti ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì pa ètò náà tì. Ẹ̀gbọ́n, nígbà wo ni ẹ máa ń yọ alumíníọ̀mù tiyín?

* * *

Àbúrò mi tí o bèèrè ìbéèrè yìí, bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, mo máa ń yọ ọ́, n kì í dúró kí ó tán. Bí a bá sì ti Ẹ̀pẹ́ dé, omi ẹ̀rọ ni a fi ń fọ iyọ̀ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kí a tó gbé ọkọ̀ wọ ọgbà, nítorí pé ánóòdù kì í ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tí mo ra tiwa lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó máa ń ní ti oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá fẹ́ kí n bá wọn bèèrè.