Ọjọ́ mẹ́rin ní Ahmedabad: kí ni ó yẹ kí n rí nínú ìlú àtijọ́ náà?

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Akúrẹ́

Mo kí gbogbo yín o, àgbà àti ọ̀dọ́. Àbúrò ọkọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat lórílẹ̀-èdè Íńdíà, yóò gboyè ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, èmi sì ni ẹbí yàn láti lọ ṣojú wọn. Bí ayẹyẹ náà bá ti parí, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni yóò ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ kí n tó wọkọ̀ òfurufú padà wálé. Ọmọ náà ti ń ka orúkọ àwọn ilé ìtajà ńláńlá tí ó fẹ́ mú mi lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀ rárá. Àdìrẹ ni mo ń ṣe jẹun láti ìgbà èwe mi, ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe ni ojú mi sì máa ń wá nílùú onílùú. Mo gbọ́ pé inú ìlú àtijọ́ wọn ni àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2017, pé kò sì sí ìlú kan ní Íńdíà tó gba irú iyì bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n tẹjú mọ́, irú ìwà wo ni ó sì yẹ kí àlejò hù nínú ilé ìsìn wọn àti láàárín ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, àti pé orúnkún mi kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gun òkè Ìdànrè.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ, ẹ sì kú ìmúra ìrìnàjò. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nílùú náà kí n tó padà sí Oǹdó. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé ọdún kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó wọ inú ìlú àtijọ́ náà, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn odò Sabarmati ni ilé ìwé àti àwọn ilé ìtajà tuntun wà, ìlú tí Sultan Ahmad Shah tẹ̀ dó ní 1411, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ, wà ní ìlà-oòrùn odò náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní pol. Agbo ilé ni pol jẹ́ gan-an: ẹnu ọ̀nà kan ló sábà máa ń ní, ìlẹ̀kùn onígi ńlá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tì lálẹ́ láyé àtijọ́, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ a sì máa jẹ́ ẹlẹ́sìn kan náà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró débi pé bí alùpùpù bá ń bọ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò fara ti ògiri kí ó tó ráyè kọjá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, kí òjìji ilé kan lè bo èkejì, torí pé ooru oṣù Èbìbí níbẹ̀ a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n. Láàárín pol, ẹ óò rí òpó gíga kan tí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ bí ilé kékeré. Chabutro ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ ẹyẹ ni wọ́n sì ń gbé síbẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà nítòsí ibi tí ọ̀rẹ́ mi ń gbé tí kì í fi ẹnu kan oúnjẹ láràárọ̀ bí kò bá tíì gbé abọ́ ọkà lọ fún àwọn ẹyẹlé.

Ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ìrìn àárọ̀ kan fún àlejò ní 1997. Ẹni tó mọ ìtàn ni yóò ṣíwájú yín. Láti tẹ́ńpìlì Swaminarayan ní Kalupur, tí wọ́n kọ́ ní 1822, ni wọ́n ti ń gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn láti pol kan bọ́ sí òmíràn títí wọn yóò fi dé mọ́sálásí Jama, èyí tí Ahmad Shah parí ní 1424, tí òpó inú rẹ̀ tó 260. Kò gbà ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú, kò ní ni orúnkún yín lára. Ní Lambeshwar ni Pol, ẹ óò bá ère akéwì Dalpatram níbi tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí àlejò. Àwọn ọmọdé máa ń gun itan rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ẹ má ṣe fi ìrìn náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí màmá mi wá kí mi, a háyà ọkọ̀ kan fún odidi ọjọ́ kan, kàkà kí awakọ̀ náà sì gbé wa lọ síbi tí a fẹ́, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì ni ó gbé wa yí ká, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó mọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kún ibẹ̀ bí ti Akúrẹ́. Ẹ wọ ọ́ dé ẹnu tẹ́ńpìlì náà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Yaba, Oǹdó

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ, ṣùgbọ́n ó gba ẹnu ọ̀nà ilé kọjá láìwọlé. Mo bá àǹtí mi lọ síbẹ̀ nígbà tí ó lọ gba ìtọ́jú, mo sì máa ń fi ọ̀sán rìn nígbà tí ó bá ń sùn. Ọjọ́ kan ni bàbá kan rí mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ pa igi òpó iwájú ilé rẹ̀, ni ó bá pè mí wọlé.

Ìyá Ìbejì, àwa tí a dàgbà sí apá ọ̀dọ̀ wa kò ní pẹ́ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àgbàlá wà láàárín rẹ̀ tí kò ní òrùlé, gbogbo yàrá sì kọjú sí i. Ẹ rántí àwọn uà inú ààfin àtijọ́ Déjì, tí ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ti ń búra nínú ọ̀kan, tí wọ́n sì ń sọmọ lórúkọ nínú òmíràn. Ní ilé bàbá yìí, abẹ́ àgbàlá náà gan-an ni kànga òjò wà, tí wọ́n ń pè ní tanka. Omi òjò tó bá bọ́ sórí òrùlé ni ó ń gba inú ọ̀pá ṣàn wọ ibẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì wà kí oòrùn má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ọmọrí òkúta rẹ̀, ó tan iná sí i, mo sì rí omi tó mọ́ gaara nísàlẹ̀, nínú oṣù tí òjò kankan kò rọ̀.

Ohun tó gba ọkàn mi jù ni bí wọ́n ṣe kọ́ ògiri náà. Wọ́n to bíríkì dé ìwọ̀n kan, wọ́n tẹ́ ìtì igi gbọọrọ lé e, wọ́n tún to bíríkì, bẹ́ẹ̀ títí dókè, tí igi fi di ògiri mú bí okùn ṣe ń di ẹrù igi ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Gujarat ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2001, ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníkọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nílùú náà ló wó pa ènìyàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé àtijọ́ onígi yìí mì, wọ́n sì dúró. Igi a máa gba ìmìtìtì mọ́ra. Ẹni tó bá ti lo ayùn àti ìfági fún ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ tẹjú mọ́ orí òpó, níbi tí ó ti gbé igi àjà dúró. Òdòdó, erin àti ẹyẹ ọ̀kín ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ó bà mí nínú jẹ́ pé àwọn kan ń tú òpó wọ̀nyí tà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé oúnjẹ, nítorí pé ilé náà kì í ṣe ilé mọ́ bí wọ́n bá ti yọ ọ́.

Alhaja Ọjà Ọba, Akúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì rí mọ́sálásí Sidi Saiyyed, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Ará Abẹsíníà ni Sidi Saiyyed, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gba orí òkun dé Gujarat. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn di ọmọ ogun, àwọn kan tilẹ̀ di ìjòyè; ọmọ ọmọ wọn tí wọ́n ń pè ní Siddi ṣì wà ní ìpínlẹ̀ náà títí di òní. Ní 1572 sí 1573 ni wọ́n kọ́ mọ́sálásí náà, ní àkókò gan-an tí Akbar, ọba ìjọba Mughal, ń gba ìlú lọ́wọ́ àwọn Sultan Gujarat.

Kò tóbi, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀, torí pé ojú títì tí ọkọ̀ ti ń sáré ni ó wà. Ògiri rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò. Fèrèsé òkúta ni, orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n sì gbẹ́ òkúta náà títí ó fi dà bí aṣọ léèsì: igi ọ̀pẹ dúró láàárín, ẹ̀ka igi mìíràn lọ́ mọ́ ọn, ó sì tàn ká gbogbo fèrèsé náà. Ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn ni èyí tó rẹwà jù wà, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó ń wọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ bo orí àti apá, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ léèrè ibi tí obìnrin lè dúró sí. Bí ẹ bá lọ sí tẹ́ńpìlì Hutheesing ti àwọn ẹlẹ́sìn Jain, èyí tí wọ́n fi mábù funfun kọ́ ní 1848, ẹ má ṣe gbé báàgì tàbí bẹ́líìtì aláwọ dání, nítorí pé ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí á pa ohun ẹlẹ́mìí lára.

Olùkọ́ Ìtàn, Akúrẹ́

Gbogbo ohun tí ẹ ti sọ dára, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí Ìyá Ìbejì kúrò nílùú náà láì dé ọgbà Sabarmati, níbi tí Gandhi gbé láti 1917 títí di 1930. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn 78 ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà 1930, tí wọ́n fẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 385 lọ sí Dandi létí òkun, láti lọ bu iyọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lé lórí. Ó ṣèlérí pé òun kò ní padà wá gbé ibẹ̀ títí Íńdíà yóò fi gba òmìnira. Ìwọ̀nba yàrá rẹ̀ ni ẹ óò rí, pẹ̀lú ẹní, tábìlì ìkọ̀wé kúkúrú àti ẹ̀rọ ìrànwú. Ẹni tó ń fi aṣọ jẹun yóò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé òwú ni ó fi bá ìjọba jà, nílùú tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Akúrẹ́

Ẹ ṣé púpọ̀, Olúwa yóò san án fún yín. Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ, torí mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ẹran. Èkejì ni aṣọ: ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń di aṣọ rẹ bí àwa ṣe ń di àdìrẹ oníko?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó

Òótọ́ ni, mà. Bandhani ni wọ́n ń pè é. Èékánná ni wọ́n fi ń gbé aṣọ náà sókè díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òwú di í, kókó kan kò sì tóbi ju orí ìṣáná lọ. Ìlú bíi Jamnagar àti agbègbè Kutch ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i rà ní ọjà aṣọ Dhalgarwad, nínú ìlú àtijọ́. Ẹ̀lú pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí wọn: Sarkhej, tí kò jìnnà sí ìlú, ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wá ra ẹ̀lú ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kí àbúrò ọkọ yín ti gba àyè sílẹ̀ fún yín báyìí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ Calico, tó ti wà láti 1949, nítorí pé wọn kì í gba ẹni tí kò bá kọ̀wé ṣáájú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dhokla. Ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n jẹ́ kí ó kan díẹ̀ ni wọ́n ń fi ooru omi sè, ó fúyẹ́ ju mọ́ínmọ́ín lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí Manek Chowk, nítòsí ibojì Ahmad Shah: wúrà àti fàdákà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, àwọn olóúnjẹ ni yóò gba gbogbo ilẹ̀ ọjà náà. Ohun tí inú mi dùn sí jù ni pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yóò bá yín níbẹ̀. Uttarayan ni ọjọ́ náà. Gbogbo ìlú ni yóò wà lórí òrùlé láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí wọn yóò máa fi okùn fò bébà aláràbarà lójú ọ̀run, tí ẹnì kan yóò sì máa wá bí òun yóò ṣe gé okùn ẹlòmíràn. Ẹ ṣọ́ra fún okùn náà, ìgò lílọ̀ wà lára rẹ̀. Undhiyu ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà, ewùrà sì wà nínú rẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Akúrẹ́

Ewùrà kẹ̀! Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé kí ó kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ náà lónìí. Ìrìn àárọ̀ ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́, mọ́sálásí Sidi Saiyyed sì ni ti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ọgbà Gandhi àti aṣọ ni ti ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, n óò tún padà sínú pol láìsí ẹni tó ń ṣíwájú mi, bóyá ẹnì kan yóò pe èmi náà wọlé. Òrùlé sì ni ti ọjọ́ kẹrin, bí orúnkún bá gbà. Mo ti yọ àdìrẹ oníko ẹlẹ́lùú kan sọ́tọ̀ tí n óò gbé dání lọ sí Dhalgarwad, kí n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bandhani lórí tábìlì oníṣòwò kan, kí a jọ ka kókó wọn.