Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń tan, kò pẹ́ ó kú: ṣé páwà ni àbí mọ́dábọ́ọ̀dù?

Ará Ìgbógbó, Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí iná ti ń wá tó ń lọ lemọ́lemọ́ ládùúgbò wa, bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù á yí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, fáànù kò ní dúró, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ á dúdú kirikiri. Rìpẹ́rà kan ní mọ́dábọ́ọ̀dù (bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ló jóná, èkejì ní páwà (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́ kí n tó náwó?

Oníná Ẹ̀pẹ́
Ẹ má tíì ra ohunkóhun, ọ̀gá mi. Fáànù tó ń yí kò fi hàn pé ara páwà le, nítorí iná tó ń lò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fẹ́ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ yá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, kí ẹ gbé e sí DC (irú iná tó ń jáde látinú páwà), kí ẹ fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan wáyà dúdú, kí ẹ sì fi pupa yẹ àwọn yòókù wò láti ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì ńlá tí páwà fi ń fún mọ́dábọ́ọ̀dù níná, láìyọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù. Wáyà aláwọ̀ àlùkò gbọ́dọ̀ ní fólítì 5 bí púlọ́ọ̀gì ara ògiri bá ti wà lójú iná, kódà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, wáyà yẹ́lò kò gbọdọ̀ kéré sí 11.4 tàbí kó ju 12.6 lọ, pupa wà láàárín 4.75 sí 5.25, aláwọ̀ ọsàn sì ń súnmọ́ 3.3. Ẹ má gbàgbé wáyà eérú: òun ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé iná ti tó, bí kò bá sì gbé fólítì bíi 5 wá, fáànù á máa yí lásán ni.

Àgbádárìgì Létí Òkun
Ọ̀rọ̀ Oníná Ẹ̀pẹ́ tọ́, àmọ́ èmi á kọ́kọ́ tú ẹrù kúrò lára rẹ̀. Páwà tó kú kíákíá lè jẹ́ pé ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó ṣe ṣọ́ọ̀tì, irú bíi háàdì díìsìkì. Ẹ yọ díìsìkì àti DVD kúrò, kí ẹ dán an wò. Ẹ yọ ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) náà, ẹ fi ìrésà nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀dù bá dún láìsí ráàmù nínú rẹ̀, kò tíì kú, bí ó bá ṣáà ní sípíkà. Ẹ tún wo àwọn kàpásítọ̀ (agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná) tó yí ọpọlọ ká: èyí tí orí rẹ̀ bá wú tàbí tí omi búráùn bá jáde lára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Àwọn bọ́ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 kún fún àrùn yìí.

Ará Ìgbógbó, Ìkòròdú
Mo dúpẹ́ o. Mo yọ díìsìkì, kò yí padà, kò sì sí kàpásítọ̀ tó wú. Àlùkò ní 5, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì, wáyà yẹ́lò já wálẹ̀ sí 10.6, ó sì kú. Mo yá páwà aládùúgbò mi, kọ̀ǹpútà sì tan pátápátá. Ṣé mo lè tú ti àtijọ́ kí n tún un ṣe?

Oníná Ẹ̀pẹ́
Ẹ má dán an wò. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè gba iná tó ju fólítì 300 lọ sára, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀, ẹ má wo iye wáàtì nìkan; ẹ ka iye ampere (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) tí wọ́n kọ sí 12V lára rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n tàn án fún yín pẹ̀lú mítà lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó.